Servo méjì tí kì í ṣe ìbejì: àkọsílẹ̀ mọ́tò kan tí etí rẹ̀ ń di

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò wa kan gbé mọ́tò rìmóòtù rẹ̀ wá bá mi ní Peckham. Inú àpò ọjà ló gbé e sí, ẹrẹ̀ ṣì wà ní gbogbo ojú táyà rẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wo mọ́tò yìí. Etí rẹ̀ máa ń di." Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, bọ́ọ̀sì alájà méjì ló ń wà kiri London láàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìfara kan ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò ga dé orúnkún rẹ̀ ló wá fẹ́ dójú tì í.

Iṣẹ́ ríwáyà ni mo kọ́, Agodi Gate n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Mọ́tò rìmóòtù kàn jẹ́ ohun tí mo ń fi najú láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òtútù ni. Àmọ́ wáyà ni wáyà. Iná tó ń sá nínú Peugeot 504 náà ló ń sá nínú èyí, ó kàn kéré ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́ là ń sọ. Ìdá kan nínú mẹ́jọ mọ́tò gidi ni irú èyí, ó wúwo tó kìlógíráàmù 5, táyà rẹ̀ tóbi bí àwo ìjẹun. Bátìrì lípò onísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló ń lò, fólítì 16.8 ni bó bá kún. Ó lè sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan lórí kọnkéré. Bó bá gbá ènìyàn ní kókósẹ̀, ọ̀rọ̀ dé ọsibítù nìyẹn.

Ẹjọ́ tó rò fún mi ni pé bí òun bá ń wà á lọ tààrà, kò sí wàhálà. Bí òun bá wá fi eré yí i tán pátápátá sápá òsì tàbí ọ̀tún, á dákẹ́ lójijì, kò ní gbọ́ àṣẹ kankan fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà á tún máa gbọ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan kéré létí, àmọ́ mọ́tò tó ń sá 40 ní wákàtí á ti rin mítà 11 kó tó parí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ní Burgess Park, mítà 11 yẹn ló gbé e dé etí adágún omi. Koríko ló dá a dúró. Òun àti ìyá arúgbó kan tó ń fún pẹ́pẹ́yẹ lóúnjẹ jọ dúró wò ó.

Mo bi í ní ìbéèrè tí ọ̀gá mi kọ́ mi láti máa bi gbogbo oníbàárà: "Kí lo pààrọ̀ kẹ́yìn?"

"Receiver ni, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé òun ni kì í gbọ́. Kó tó dìgbà yẹn mo ti ra bátìrì tuntun."

Òótọ́ ló sọ, receiver, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gba àṣẹ rìmóòtù, ló pààrọ̀ kẹ́yìn. Èmi ni mi ò bi í ní ohun tó pààrọ̀ ṣáájú ìyẹn, àṣìṣe mi àkọ́kọ́ sì nìyẹn.

Mo ní láti sọ bí sítíárìn mọ́tò yìí ṣe rí kí ọ̀rọ̀ tó yé yín. Servo ni ẹ̀rọ kékeré inú àpótí tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú. Receiver á máa fi iná kan ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí iná ọ̀hún bá sì ṣe gùn tó ló ń sọ ibi tó máa yí sí. Bó bá gùn tó mìlísẹ́kọ́ńdì 1.5, kó dúró láàárín ni. Bó bá jẹ́ 1, kó lọ sí ìpẹ̀kun kan. Bó bá jẹ́ 2, kó lọ sí ìpẹ̀kun kejì. Nínú servo, ohun kékeré kan wà tó ń sọ fún un ibi tí ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó ń yí lórí rẹ̀, wà ní báyìí. Á fi ibi tó wà wé ibi tí wọ́n ní kó wà, á sì máa ti ọwọ́ náà títí méjèèjì á fi bára mu. Kì í gba ẹ̀bẹ̀. Bí nǹkan bá dí i lọ́nà, á máa tì í, á máa fa iná, títí yóò fi débẹ̀ tàbí títí yóò fi jóná.

Méjì irú rẹ̀ ló wà nínú mọ́tò àbúrò mi. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ lápá òsì, èkejì dùbúlẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n kọjú síra, ọwọ́ wọn nà sókè. Irin tín-ín-rín kan so ọwọ́ òsì mọ́ apá òsì irin ìdábùú tó wà láàárín, òmíràn so ọwọ́ ọ̀tún mọ́ apá ọ̀tún rẹ̀. Irin ìdábùú yìí ló wá ń fa táìródù tó lọ sí táyà méjèèjì. Wáyà kan tó pínyà bí oríta ló gbé àṣẹ kan náà fún àwọn méjèèjì. Nítorí pé wọ́n kọjú síra, bí àwọn méjèèjì bá yí sápá kan náà, ọwọ́ òsì á ti síwájú, ọwọ́ ọ̀tún á fà sẹ́yìn, ohun tí irin ìdábùú sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Àwọn mọ́tò kan wà tí servo méjèèjì ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, irú ìyẹn lè gba pé kéèyàn yí ìṣe ọ̀kan padà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi méjì sí i? Owó ni. Nígbà tí mọ́tò ńlá báyìí kọ́kọ́ jáde, servo olówó pọ́ọ́kú méjì rọrùn láti rà ju alágbára kan lọ. Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Ẹni tó ya mọ́tò yìí so àgbò méjì mọ́ koto kan, ó sì gbà pé wọn ò ní kanrí.

Mo gbé mọ́tò lé orí páálí, mo jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lófuurufú, mo sì ki ẹnu mítà bọ ihò kan tó ṣófo lára receiver. Fólítì 6.0. Mo yí sítíárìn díẹ̀, ó wà ní 6.0. Mo yí i tán sápá òsì. Ariwo kan dìde láti iwájú bíi ti kòkòrò tó há sínú ìgò, mítà já sí 4.4, iná pupa orí receiver sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo yí i tán sápá ọ̀tún, bákan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé mítà ọwọ́ kì í yára tó láti rí ibi tí iná já dé gan-an. 4.4 tó fi hàn, ó dájú pé ó já jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwọ̀n ìgbà tí ojú kò lè rí. Iná pupa tó ṣẹ́jú ni ẹlẹ́rìí mi. Iná ti kéré fún receiver, ó kú, ó sì tún jí. Àkókò tó fi ń jí ni ìṣẹ́jú àáyá kan tí etí ń di.

Ojú mi wálẹ̀. Mo rò pé mo ti rí i. Iná tí servo àti receiver ń lò, láti inú ESC ló ti ń wá, ìyẹn àpótí tó ń darí ẹ̀rọ ńlá tó ń yí táyà. Àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ BEC wà nínú rẹ̀ tó ń sọ fólítì bátìrì di 6, èyí tó wà nínú tirẹ̀ kò sì lè pèsè ju ámpù 3 lọ. Servo méjì tó ń tì tokuntokun lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo ní BEC kan tó dá dúró nílé, ti ámpù 10, pé n ó fà á wá láti ara bátìrì, n ó sì já wáyà pupa tó wá láti ESC kí iná méjì má pàdé. Mo tún ki kàpásítọ̀ 4700 máíkírófáràdì bọ receiver, kí iná má baà já.

Iṣẹ́ náà mọ́, kì í ṣe pé mo ń yin ara mi. A yí sítíárìn tán, iná pupa dúró gbọin, mítà kò kúrò ní 6. Àbúrò mi ti ń wá báàgì rẹ̀ tó máa kó o sí. Kòkòrò inú ìgò yẹn ṣì ń kùn, àmọ́ mo dákẹ́ lé e lórí.

Bí a ṣe ń yí i sọ́tùn-ún sósì fún bí ìṣẹ́jú méjì, òórùn kan gba inú pálọ̀. Ẹni tó bá ti jó wáyà rí mọ òórùn yẹn, kò jọ ti oúnjẹ, kò jọ ti pépà. Mo fọwọ́ kan servo apá ọ̀tún, mo sì yára fà á kúrò. Ó gbóná bí àyà áyọ́ọ̀nù. Ti apá òsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán.

Ohun tí mo ṣe nìyí: àwọn méjì ń jà, ebi ni kì í jẹ́ kí wọ́n jà dójú ikú, mo wá gbé oúnjẹ ámpù 10 síwájú wọn. BEC kékeré àtijọ́ ló ti ń gba servo náà sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó ń dákú kí òun má baà jóná. Àìsàn tí mo rò pé mo wò sàn, òun gan-an ló ń dáàbò bò ó.

Nígbà náà ni mo wá bi í léèrè dáadáa. "Servo méjèèjì yìí, ìgbà kan náà lo rà wọ́n?"

"Rárá o. Ti ọ̀tún ló bá mọ́tò wá. Ti òsì yẹn tuntun ni, eyín ti àkọ́kọ́ ti jẹ. Agbára kìlógíráàmù 25 nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, ògidì ni! Ti ọ̀tún yẹn ni mo tún fẹ́ pààrọ̀ báyìí, òun ló ń gbóná."

Ó ti mú ẹni tí wọ́n ń lù, ó fẹ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Mo tú irin tín-ín-rín méjèèjì kúrò lára irin ìdábùú, kí servo kọ̀ọ̀kan lè dá wà. Èyí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe, kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo gé páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dúró nígbà tí sítíárìn wà láàárín. Àwọn méjèèjì dúró ṣánṣán, wọ́n bára mu bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí wàhálà bó bá ń lọ tààrà. Mo yí sítíárìn tán, mo tún fa ìlà. Ti ọ̀tún yí dígírì 45. Ti òsì yí, ó kọjá ibẹ̀, ó ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ kó tó dúró. Mo wọ̀n ọ́n: 67 àti díẹ̀.

Àṣẹ kan náà, wáyà kan náà, ọ̀kan lọ sí 45, èkejì lọ sí 67.

Mo yí servo tuntun náà dorí kodò, mo nu ẹrẹ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀. Bébà róbótó kan wà níbẹ̀, wọ́n kọ 270 sí i.

Àwọn servo olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, oríṣi méjì ni wọ́n máa ń tà nínú àpótí kan náà, ní iye kan náà. Ọ̀kan lè yí 180 dígírì lápapọ̀, èkejì 270. Ẹni tó ń ṣe ọwọ́ róbọ́ọ̀tì ló nílò 270. Ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú agbára, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ àṣẹ ni. Rìmóòtù kì í sábà lò ju ìdajì àyè yìí lọ: èyí tó jẹ́ 180 á lọ sí 45 nígbà tí iná bá kúrò ní 1.5 lọ sí 2. Èyí tó jẹ́ 270 á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, á lọ sí 67.5. Àbúrò mi rí 180, ó rí 270, iye kan náà, ó mú èyí tó pọ̀. "Mo rò pé òun ló lágbára jù ni." Mi ò bá a wí. Bí mo bá wà lọ́jà, mo lè mú un náà.

Ẹ wò ó bó ṣe rí lójú irin. Ọwọ́ servo gùn ní mìlímítà 24 láti àárín dé ihò. Ní 45 dígírì, ihò náà á rin mìlímítà 17. Ní 67.5, á rin 22. Mìlímítà 5 ni wọ́n fi yàtọ̀, irin ìdábùú sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kò ṣeé nà. Alágbára òsì ń fa aláìlera ọ̀tún kọjá ibi tí wọ́n ní kó dúró, ti ọ̀tún ń jà láti padà, ó ń mu iná bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ.

Ọgbọ́n wo la máa dá sí i? Rìmóòtù rẹ̀ lè dín ibi tí sítíárìn ń yí dé kù, àmọ́ wáyà oríta kan ló gbé àṣẹ fún àwọn méjèèjì, bó bá dín ti ọ̀kan á dín ti èkejì, ìjà á kéré, kò ní tán. Rìmóòtù tó lè pín servo méjì sí ọ̀nà méjì, kó sì so wọ́n pọ̀ kí èèyàn lè wọn ti kálukú lọ́tọ̀, wà. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan lára wọn. Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí a bá dín ọwọ́ ti òsì kù ńkọ́?" Ìbéèrè tó dára ni, mo mú pẹ́ńsù. Bí a bá fi mìlímítà 18.4 ṣe ọwọ́ òsì, á rin 17 ní ìpẹ̀kun, á bá ti ọ̀tún mu. Àmọ́ nígbà tí sítíárìn bá wà ní ìdajì, ti ọ̀tún á ti rin 9.2, ti òsì á ti rin 10.2. Wọ́n á máa pàdé ní àárín àti ní ìpẹ̀kun, wọ́n á sì máa jà lójú ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bíi ti òun àti ọ̀gá òun níbi iṣẹ́.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó ra ẹyọ kan tó lágbára, 180, tí agbára rẹ̀ tó kìlógíráàmù 35, kó yọ èkejì dànù. Ẹyọ kan kò ní ẹni tó máa bá jà, ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun náà sì ti padà sí ọ̀kan. Ó kọ̀ jálẹ̀. Méjì ló bá mọ́tò wá, méjì ló fẹ́. Mo ní kó wá ra ìbejì nígbà náà: ilé iṣẹ́ kan, orúkọ kan, 180 àti 180, ọjọ́ kan náà. Ó rà á, ó dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.

Ìbejì náà kì í jọra tán, ẹni tó bá bí wọn mọ̀. Mo so àwọn servo méjèèjì mọ́ iná láìfi ọwọ́ sí wọn lórí, mo fi gbogbo bọ́tìnnì àtúnṣe orí rìmóòtù sí òdo, kí wọ́n lọ sí àárín fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi ọwọ́ sí i. Orí servo yìí ní eyín 25 yíká, eyín kan sí èkejì jẹ́ dígírì 14.4, nítorí náà ọwọ́ kì í sábà bọ́ sí ibi tó ṣánṣán. Ti òsì ṣẹ́rí síwájú díẹ̀, bí mo bá yí i ní eyín kan, á ṣẹ́rí sẹ́yìn jù. Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí mo fẹ́ràn: ọwọ́ ọ̀rá tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí àgbélébùú. 25 kò ṣeé pín sí mẹ́rin, torí náà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí eyín ní ibi tó fi dígírì 3.6 yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Mo dán ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ẹ̀kẹta dúró ṣánṣán. Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí i, mo gé mẹ́ta tó kù dànù.

Lẹ́yìn èyí ni gígùn irin. Mo so ti òsì mọ́ irin ìdábùú, mo yí irin náà títí táyà méjèèjì fi kọjú síwájú tààrà. Ti ọ̀tún, mi ò so ó. Mo gbé e lé orí ihò rẹ̀ lásán, iná ṣì wà lórí servo, mo ń wò bóyá bóòtù á fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò bọ́, ó fi bí ìdajì mìlímítà kù. Mo yí irin náà ní àbọ̀ yíyí kan, mo tún gbé e lé e. Kò bọ́. Mo tún fi ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kún un. Ó bọ́, gbúù, láìfagbára. Bí ẹ bá ní láti fi ìka tì í kó tó wọlé, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo wá yí sítíárìn tán, mo sì fi rìmóòtù dín ibi tó ń yí dé kù díẹ̀díẹ̀, títí táyà fi dé ibi tó lè yí dé tí servo sì dákẹ́. Kòkòrò inú ìgò kò kùn mọ́. Mítà ámpù tí mo so mọ́ wáyà iná sọ pé 0.2 ni wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n wà láàárín, 0.5 nígbà tí wọ́n yí tán. Kí n tó tú u palẹ̀, 4.3 ni. BEC ámpù 10 wà níbẹ̀, mi ò yọ ọ́, ó dára fún ọjọ́ tí táyà bá há sí gbòǹgbò igi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ilé: a ṣètò receiver kó tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ bí kò bá gbọ́ rìmóòtù. A pa rìmóòtù nígbà tí táyà ń yí lófuurufú, táyà dúró. Bó bá ti ṣe èyí tẹ́lẹ̀ ni, kì bá tí lọ kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé a gbé e lọ sí Burgess Park. Ó wà á yí igi kan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ó fi eré yí i tán, kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì tán kó tó sú u. Mo fọwọ́ kan servo méjèèjì lójú ibẹ̀, wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà, ti òsì kò gbóná ju ti ọ̀tún lọ.

Ó bi mí ohun tí òun máa fi èyí tó jẹ́ 270 ṣe, ó ní pọ́nhùn 16 lòun rà á, kò sì bàjẹ́. Òótọ́ ni, kò bàjẹ́. Mo ní kó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí pẹ̀lú téèpù funfun tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lára: "270. Má fi sí sítíárìn."